Ẹ Jẹ́ Kí Ọwọ́ Ọmọ Fúnra Rẹ̀ Ṣe É

Ẹ̀KỌ́ FÚN ÌPÀDÉ ẸGBẸ́ OBÌNRIN

Bíbélì kíkà: Ẹ́kísódù 35:25–35; Ìṣe Àwọn Àpósítélì 9:36–43.

Èròǹgbà ẹ̀kọ́: Kí a lè mọ bí a ṣe ń kọ́ àwọn ọmọdé, láti ẹni ọdún 6 sí ẹni ọdún 11, ní iṣẹ́ ọnà nínú yàrá ìjọ wa, kí ohun tí wọ́n bá gbé jáde lè jẹ́ tiwọn ní tòótọ́.

ÌFÁÁRÀ

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ohun kan tí gbogbo wa mọ̀, ṣùgbọ́n tí a kì í sábà sọ̀rọ̀ lé lórí ní ìpàdé. Nígbà tí sáà ẹ̀kọ́ bá ń parí lọ, olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ a máa ní kí ọmọ mú iṣẹ́ ọwọ́ wá: ìgbálẹ̀, ẹní kékeré, apẹ̀rẹ̀, abẹ̀bẹ̀, tàbí ọkọ̀ tí a fi igi gbẹ́. Kí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe? Bí a bá ti ta ẹja tán ní ọjà Ìgbọ́kọ̀dá, a ó ra ìgbálẹ̀ kan kún ọjà wa, a ó fi lé ọmọ lọ́wọ́. Ọmọ á gbé e fún olùkọ́, olùkọ́ á sì fún un ní máàkì.

Bí a bá rò ó dáadáa, ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni ọmọ náà kọ́ ní ọjọ́ yẹn. Ó kọ́ pé owó lè ṣe ohun tí ó yẹ kí ọwọ́ ṣe. Ó kọ́ pé ènìyàn lè pe iṣẹ́ ẹlòmíràn ní tirẹ̀, kí àgbàlagbà sì yìn ín fún un. Ó sì kọ́ pé ìyá òun mọ̀ sí i. Ọmọ yìí kan náà ni a ó tún kọ́ ní Òfin Mẹ́wàá ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi.

Ìyá mìíràn kì í rà á. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò jókòó ní òru, tí yóò hun ún kí ilẹ̀ tó mọ́, nígbà tí ọmọ ti sùn lọ. Ìfẹ́ ni èyí, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ọwọ́ ìyá ni ó tún mọ̀ ọ́n sí i. Ọwọ́ ọmọ wà bí ó ti wà tẹ́lẹ̀.

Ní etí òkun Ìlàjẹ wa yìí, ọ̀rọ̀ náà ju ọ̀rọ̀ máàkì lọ. Àwọn ìyá àgbà tí ó mọ ẹní híhun ń dín kù láàárín wa. Òkun pẹ̀lú ń jẹ ilẹ̀ wa. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ojú àwọn ará Àyétòrò ti rí, bí omi ṣe gbé ọ̀pọ̀ ilé àti òpópónà wọn lọ, tí ọ̀pọ̀ ìdílé sì ti kó lọ sí ibòmíràn. Ẹní tí ó wà nínú ilé lè bá omi lọ. Ọmọ tí ó mọ bí a ṣe ń hun ẹní yóò hun òmíràn níbikíbi tí ó bá dé. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí ẹgbẹ́ wa ní yàrá iṣẹ́ ọnà fún àwọn ọmọdé, kí a sì mọ bí a ó ṣe máa darí rẹ̀.

ÌPÍN KÌÍNÍ: OHUN TÍ BÍBÉLÌ KỌ́ WA

Nígbà tí Olúwa fẹ́ kí a kọ́ àgọ́ Rẹ̀, Ó pe Bésálẹ́lì ní orúkọ, Ó sì fi Ẹ̀mí Rẹ̀ kún un. Ẹ kíyè sí i pé nítorí iṣẹ́ ọwọ́ ni a ṣe fún un ní Ẹ̀mí náà: iṣẹ́ wúrà, fàdákà àti idẹ, òkúta gbígbẹ́, igi fínfín àti aṣọ híhun. Ẹsẹ 34 ní ohun kan tí a sábà máa ń kà kọjá. Ọlọ́run tún fi sí ọkàn Bésálẹ́lì àti Áhólíábù láti máa kọ́ ẹlòmíràn. Ẹ̀bùn méjì ni ó gbà: kí ó lè ṣe é, kí ó sì lè kọ́ ni. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, tí kò kọ́ ẹnikẹ́ni, ìdajì ẹ̀bùn rẹ̀ ni ó lò. Ẹsẹ 25 àti 26 sì fi yé wa pé àwọn obìnrin pẹ̀lú wà nínú iṣẹ́ àgọ́ náà, àwọn tí ó fi ọwọ́ ara wọn ran òwú.

Dọ́káàsì ní tirẹ̀ gbé ní Jópà, ìlú etí òkun bíi tiwa. Nígbà tí ó kú, àwọn opó mú ẹ̀wù tí ó rán wá fi han Pétérù. Kò sí ohun tí a rà ní ọjà nínú wọn. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi jẹ́rìí rẹ̀.

ÌPÍN KEJÌ: ÀWỌN TÍ Ó TI ṢE É ṢÁÁJÚ WA

Kíkó ọmọdé jọ láti kọ́ wọn kì í ṣe ohun àjèjì fún obìnrin Mẹ́tọ́díìsì. Ní ọdún 1769, Hannah Ball, arábìnrin Mẹ́tọ́díìsì kan ní ìlú High Wycombe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti dá ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé, kí ti Robert Raikes tí gbogbo ayé ń dárúkọ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1780.

Ní tòsí wa níhìn-ín, nígbà tí àwọn Àpósítélì Mímọ́ tẹ Àyétòrò dó ní ọdún 1947, wọ́n dá ibi iṣẹ́ sílẹ̀ nínú ìlú: ti káfíńtà, ti aṣọ híhun, ti bàtà ṣíṣe àti ti ọkọ̀ ojú omi kíkàn. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ìlú ti ń kọ́ṣẹ́. Bí ìgbàgbọ́ wọn tilẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa ní ọ̀nà kan tàbí òmíràn, ó yẹ kí a yìn wọ́n pé wọ́n fi iṣẹ́ ọwọ́ ṣe ara ìgbé-ayé ìjọ.

Ní ọdún 1947 yìí kan náà, àwọn àlùfáà Kátólíìkì dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Fádà Kevin Carroll wà lára wọn. Wọ́n pe agbẹ́gilére George Bámidélé, ọmọ Arówóògùn ti Òsì-Ìlọrin, láti máa gbẹ́ ère ìtàn Bíbélì. Wọn kò ní kí ó da àwòrán òyìnbó kọ. Àwọn amòye tí ó wá kí Jésù wọ aṣọ bí ọba Yorùbá nínú iṣẹ́ náà. Ibẹ̀ ni Lamidi Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún, ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bámidélé, kí òun pẹ̀lú tó di olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀.

Ní ti ilé-ìwé, Aina Onabolu, tí a bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1882, ni ó jà fitafita kí a tó máa kọ́ àwòrán yíyà ní àwọn ilé-ìwé Èkó. Òun ni ó rọ ìjọba láti mú olùkọ́ kún un, tí Kenneth Murray fi dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1927. Murray fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wo iṣẹ́ ilẹ̀ baba wọn, kí wọ́n sì ya ohun tí wọ́n ń rí ní ìlú wọn. Ní 1937 a pàtẹ iṣẹ́ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ben Enwonwu wà nínú wọn.

Ní Òṣogbo, láti 1962, Dúró Ládípọ̀ àti Ulli Beier ṣí ilé Mbari Mbayo sílẹ̀. Àwọn tí ó wá kọ́ iṣẹ́ ọnà níbẹ̀ kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kankan fún un. Jimoh Buraimoh, ẹni tí ó ń tọ́jú iná mànàmáná fún eré Ládípọ̀, ti ibẹ̀ di ẹni tí ó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe àwòrán, tí a sì mọ̀ ọ́n kárí ayé. Ohun èlò ni àwọn olùkọ́ kó síwájú wọn, wọn kò gbé àwòrán kalẹ̀ pé kí wọ́n dà á kọ.

Ẹ má gbàgbé obìnrin ẹgbẹ́ wa, Nike Davies-Okundaye, ọmọ Ògìdì ní ìpínlẹ̀ Kogí. Lọ́wọ́ ìyá-ńlá rẹ̀ ni ó ti kọ́ aṣọ híhun àti àdìrẹ. Ní 1983 ó ṣí ilé-iṣẹ́ ọnà tirẹ̀ sí Òṣogbo, ó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níbẹ̀ láìgba owó.

Ohun kan ni ó so gbogbo àwọn wọ̀nyí pọ̀. Olùkọ́ pèsè ibi, ó pèsè ohun èlò, ó sì fi ọ̀nà hàn. Lẹ́yìn náà ó jẹ́ kí ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é.

ÌPÍN KẸTA: BÍ A Ó ṢE PÈSÈ YÀRÁ

A kò nílò ilé tuntun. Gbọ̀ngàn ìjọ tó, tàbí ẹ̀yìn ilé-ìjọsìn tí a fi páànù bò. Ohun tí a nílò nìyí:

1. Ilẹ̀ tí a lè gbá, àti ẹní tí àwọn ọmọ yóò jókòó lé.
2. Omi nínú bókéètì, àkísà fún nínu ọwọ́, àti bébà ìwé ìròyìn láti tẹ́ sílẹ̀.
3. Pátákó tàbí okùn kan tí a ó máa fi iṣẹ́ àwọn ọmọ kọ́ sí. Kí ó wà ní ibi tí ojú ọmọdé lè tó o.
4. Àpótí tí a ó máa ti ọ̀bẹ, sáàsì àti abẹ́rẹ́ mọ́. Àgbàlagbà ni yóò máa di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú.
5. Ìwé orúkọ. Omi ni ó yí wa ká. A gbọ́dọ̀ pe orúkọ nígbà tí wọ́n bá dé, kí a tún pè é nígbà tí wọ́n bá ń lọ. Ọmọ kankan kò gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ padà sílé láìsí àgbàlagbà tí a mọ̀.

Kí ìyá kan má ṣe bójú tó ju ọmọ mẹ́jọ lọ. Ọjọ́ Sátidé dára, wákàtí kan àti ààbọ̀ sì tó. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò sú àwọn kéékèèké.

ÌPÍN KẸRIN: IṢẸ́ GẸ́GẸ́ BÍ ỌJỌ́ ORÍ

Ọmọ ọdún 6 sí 7: amọ̀ àti èédú. Fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní amọ̀ tí ó tó ọsàn kan. Kí ó yí i roboto, kí ó ti àtàǹpàkò bọ àárín rẹ̀, kí ó sì máa yí i bí ó ti ń fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, títí yóò fi di ìkòkò kékeré. Kí ara ìkòkò náà nípọn tó ìka ọwọ́ ọmọ náà. Ibòji ni kí a gbé e sí fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Bí a bá gbé e sí oòrùn lójijì, yóò sán. Ìkòkò tí a kò sun nínú iná kò lè gba omi, ẹ sọ èyí fún ọmọ kí ó má baà bọkàn jẹ́. Èédú sì dára fún àwòrán. Ẹ gé àpò sìmẹ́ǹtì tí a ti gbọn eruku rẹ̀ dànù, kí wọ́n máa yàwòrán sí i.

Ọmọ ọdún 8 sí 9: híhun. Ẹ kọ́kọ́ fi bébà aláwọ̀ méjì kọ́ wọn, tí a gé tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́: kọjá lórí ọ̀kan, kọjá lábẹ́ ọ̀kan. Nígbà tí ó bá mọ́ wọn lọ́wọ́, ẹ pe ìyá àgbà kan tí ó mọ ẹní híhun wá, kí ó fi koríko ẹní gan-an hàn wọ́n.

Koríko mìíràn tún wà tí kò ní gbà wá ní kọ́bọ̀: èyí tí ó léfòó lójú omi wa, tí òdòdó rẹ̀ pọ́n bí àlùkò, tí ó ń dí ọ̀nà ọkọ̀ tí ó sì ń wọ́ àwọ̀n ya. Láti nǹkan bí 1984 tí wọ́n ti rí i ní omi Badagry ni ó ti ń yọ àwọn apẹja lẹ́nu. Arábìnrin Achenyo Idachaba, ọmọ Nàìjíríà, gbé igi koríko yìí tí ó ti gbẹ tọ àwọn tí ń hun okùn lọ ní Sábó, Ìbàdàn, kí wọ́n lè kọ́ ọ bí a ṣe ń hun ún. Ó fi dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Ní 2015 ó dúró níwájú àwọn ènìyàn láti ilẹ̀ púpọ̀, ó sì sọ bí ó ti ṣe é. Àwọn ọmọ wa lè ṣe é pẹ̀lú. Kí àgbàlagbà wọ́ ọ jáde nínú omi, kí ó gé gbòǹgbò àti ewé rẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbẹ, nítorí pé bí a bá dà wọ́n padà sí omi, yóò tún hù. Ẹ sá igi rẹ̀ sí oòrùn títí yóò fi pọ́n. Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i kí ó má baà ṣẹ́, kí ọmọ sì di mẹ́ta-mẹ́ta bí ẹni ń di irun. Bí okùn náà bá ti gùn, a ó ká a yípo, a ó fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán an pọ̀. Ó di ohun tí a lè gbé ìkòkò ọbẹ̀ lé.

Ọmọ ọdún 10 sí 11: àdìrẹ oníko, àwọ̀n àti ọkọ̀. Fún àdìrẹ, kí ọmọ fi òkúta wẹ́wẹ́ tàbí ìkarahun sínú aṣọ funfun, kí ó fi ìko dì í le dáadáa. Dídì àti títú ni iṣẹ́ ọmọ. Rírẹ ẹ́ sínú aró, iṣẹ́ àgbàlagbà ni. Kọ́stíìkì tí a ń dà sí aró ìgbàlódé máa ń bó ènìyàn lára, ó sì lè fọ́ni lójú. Kò gbọ́dọ̀ wà ní àrọ́wọ́tó ọmọ rárá. Fún àwọ̀n, ẹ bẹ bàbá kan nínú ìjọ kí ó wá fi abẹ́rẹ́ àwọ̀n àti igi ìwọ̀n hàn wọ́n, kí ojú àwọ̀n lè dọ́gba. Fún ọkọ̀, ọ̀pá imọ̀ ògùrọ̀ dára, nítorí pé ó rọ̀, ó fúyẹ́, ó sì máa ń léfòó. Ìyá gbọ́dọ̀ dúró ti ọmọ tí ó bá di ọ̀bẹ mú.

Kí a má ṣe pín in pé ti ọkùnrin nìyí, ti obìnrin nìyẹn. Ní Ìsẹ́yìn, ọkùnrin ni a mọ̀ mọ òfì híhun. Ní Ògìdì, àwọn obìnrin ń hun aṣọ. Ọwọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ ọ ni kí a kọ́.

ÌPÍN KARÙN-ÚN: ÌWÀ ÌYÁ OLÙKỌ́

Ìsọ̀rí yìí ni ó ṣe pàtàkì jù. Ẹ̀yin ìyá, ọwọ́ wa yá ju ti ọmọ lọ, ojú wa sì ń rí àṣìṣe. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń ṣe wá bíi kí a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a di ọwọ́ wa mú.

Bí ọmọ bá ní òun kò mọ̀ ọ́n, mú amọ̀ tàbí koríko tìrẹ, kí o ṣe é lójú rẹ̀, kí o sì tú u palẹ̀. Má ṣe ṣe é sára tirẹ̀.

Má ṣe ya àwòrán sójú pátákó kí gbogbo wọn dà á kọ. Ní ìlú Vienna, láti 1897, olùkọ́ kan tí ń jẹ́ Franz Cizek ní kíláàsì fún àwọn ọmọdé, níbi tí ó ti jẹ́ kí wọ́n ya ohun tí ó wà ní ọkàn wọn, àwọn olùkọ́ láti ilẹ̀ mìíràn sì kọ́gbọ́n lára rẹ̀. Viktor Lowenfeld, ẹni tí a bí ní Austria tí ó sì kọ́ àwọn olùkọ́ ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1947 pé àwòrán ọmọ ń yí padà bí ọjọ́ orí rẹ̀ ti ń gòkè. Bí ọmọ ọdún méje bá ya ìyá rẹ̀ tí ó ga ju ilé lọ, kò tíì ṣe àṣìṣe. Ohun tí ó tóbi lọ́kàn rẹ̀ ni ó yà tóbi.

Má ṣe bi í pé, “Kí ni gọ́ńgọ́ yìí?” Sọ pé, “Ọmọ mi, sọ fún mi nípa rẹ̀.” Má ṣe fi iṣẹ́ ọmọ kan tàbùkù ti ọmọ kejì. Kí o sì kọ orúkọ ọmọ sí ẹ̀yìn iṣẹ́ rẹ̀, nítorí pé ohun tí a bá kọ orúkọ wa sí, a gbọ́dọ̀ lè dáhùn fún un.

Nígbà Ìkórè, tí a bá fẹ́ pàtẹ, kí a pàtẹ ti gbogbo wọn, èyí tí ó wọ́ àti èyí tí ó gún. Bí a bá yan èyí tí ó dára nìkan, a ti sọ fún àwọn ìyá yòókù pé kí wọ́n lọ ra tiwọn nìyẹn.

ÌPÍN KẸFÀ: ÀWỌN TÍ Ó Ń BÉÈRÈ ÈRÈ RẸ̀

Àwọn kan yóò wí pé ìdánwò ni ọmọ yóò fi wọ ilé-ìwé girama, kò ní fi ẹní wọ̀ ọ́. Òtítọ́ ni pé ìwé ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń hun ẹní ń kà á bí ó ti ń hun ún. Bí ó bá ṣi ìkan kà, ọnà náà yóò wọ́, yóò sì tú u padà. Ìṣirò nìyẹn, sùúrù sì wà nínú rẹ̀. Ọmọ tí ó di àwọ̀n ti mọ ìwọ̀n. Iṣẹ́ ọnà sì wà nínú ẹ̀kọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ìjọba là sílẹ̀. A kò mú ohun àjèjì wá.

Ẹlòmíràn yóò béèrè ohun tí ó le ju èyí lọ: “Bí ọmọ mi bá mú ìgbálẹ̀ wíwọ́ tí ó fúnra rẹ̀ dì lọ, tí ọmọ aládùúgbò mú èyí tí a rà lọ, ta ni yóò gba máàkì?” Ọ̀rọ̀ gidi ni. Nítorí náà, kí a má ṣe dá a dá ọmọ. Kí àwọn aṣojú ẹgbẹ́ wa lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé àti ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, kí wọ́n bẹ̀ wọ́n pé kí ọmọ máa ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà lójú olùkọ́ kí ó tó gba máàkì. Bí gbogbo ọmọ bá ṣe é bẹ́ẹ̀, èyí tí a rà ní ọjà kò ní wúlò fún ẹnikẹ́ni. Títí ìgbà náà yóò fi dé, bí máàkì ọmọ wa bá tilẹ̀ dín ní márùn-ún, kí ìyá rẹ̀ yìn ín nílé, kí ó sì lo ìgbálẹ̀ náà lójú rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Ẹ̀bùn méjì wo ni Bésálẹ́lì gbà, èwo ni a kì í sábà lò nínú wọn?
2. Iṣẹ́ ọwọ́ wo ni ìyá rẹ mọ̀ tí ìwọ kò mọ̀? Ta ni ó kù ní àdúgbò tí ó lè kọ́ ọ àti ọmọ rẹ?
3. Kí ni a ó sọ fún ọmọ tí ó bẹ̀ wá pé kí a bá òun ṣe iṣẹ́ ọwọ́ òun?
4. Ibo ni a lè lò fún yàrá iṣẹ́ ọnà ní ìjọ wa, ìyá mélòó ni yóò sì yọ̀ǹda ara wọn?

IṢẸ́ ÀMÚṢE

Kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé, kí arábìnrin kọ̀ọ̀kan jókòó ti ọmọ kan fún wákàtí kan pẹ̀lú amọ̀, èédú tàbí koríko. Kí ọmọ ṣe é, kí ìyá máa wò. Kí a mú ohun tí ọmọ ṣe wá sí ìpàdé bí ó ti wà, láìtún un ṣe.

ÀDÚRÀ

Olúwa, Ìwọ tí O fi ọgbọ́n sí ọwọ́ Bésálẹ́lì, fi í sí ọwọ́ àwọn ọmọ wa pẹ̀lú. Fún àwa ìyá wọn ní sùúrù láti dúró tì wọ́n, àti òtítọ́ láti má ṣe kọ́ wọn ní irọ́. Ràn àwọn tí òkun ti lé kúrò nílé wọn lọ́wọ́, kí ìmọ̀ àwọn bàbá àti ìyá wọn má sì ṣe parun. Ní orúkọ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.